Prẹ́ṣọ̀ wọ́ṣà mi ń mí hẹlẹ, ẹ gbà mí o

Bàbá Ìbejì Akọ́bọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra prẹ́ṣọ̀ wọ́ṣà onípẹtiróòlù kan lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde láti fọ ilẹ̀ àti mọ́tò, tòkunbọ̀ ni. Ẹ ṣáà mọ bí erùpẹ̀ pupa apá ọ̀dọ̀ wa ní Akọ́bọ̀ ṣe rí, bí òjò bá ti rọ̀ báyìí gbogbo ìdí fẹ́ńsì á pọ́n bí ìgbà tí èèyàn da epo pupa sí i, íńtálọ́ọ̀kì iwájú ilé náà ti hu kiní aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ bí ilá, ìyá àwọn ìbejì ti ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ló ní kí n wá nǹkan ṣe sí i kí òun tó fọwọ́ dá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbádùn ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń dún dáadáa o, ṣùgbọ́n omi á le, á rọ̀, á tún le, á tún rọ̀, bí ẹni tó sáré gun òkè tó wá ń mí hẹlẹ, ọwọ́ mi tí mo fi dì í mú gan-an ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀. Ohun kejì ni pé tí mo bá pa á kí n lọ mu omi, tí mo bá dé tí mo fẹ́ fa okùn ẹ̀ padà, kò ní fà. Lánàá ó já ọwọ́ mi padà débi pé èjìká ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Mẹkáníìkì kan ládùúgbò ní pọ́ǹpù ẹ̀ ti kú, kí n mú owó pọ́ǹpù tuntun wá, owó tó sì pè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra odidi maṣíìnì. Ṣé òótọ́ ni àbí ó fẹ́ fi mí jẹun ni? Inú táǹkì orí irin ni mo ti ń fa omi, bọ́ọ̀hóòlù ló ń gbé e lọ sókè.

Ọ̀gá Fọmọ́tò

Bàbá Ìbejì, ẹ má tíì kówó fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun. Maṣíìnì tó bá ń mí bẹ́ẹ̀ yẹn, òùngbẹ ló sábà ń gbẹ ẹ́. Pọ́ǹpù kì í dá omi ṣe, èyí tí ẹ bá fún un mu ló máa tú jáde, tí kò bá rí mu tó, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, ìyẹn ló ń fa kí omi máa le kó máa rọ̀.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ yọ họ́ọ̀sì kúrò lára maṣíìnì, ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ ṣí táàpù dé ìdí, kí ẹ wo aago. Àwọn maṣíìnì ti ilé yìí sábà máa ń mu bíi lítà 9 sí 10 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ wo ara tiyín bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Tí kẹ́ẹ̀gì yẹn ò bá kún láàárín ìṣẹ́jú méjì tàbí méjì ààbọ̀, ẹ ti rí arùn náà nìyẹn. Táǹkì orí irin tí kò ga, pẹ̀lú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó, tó tún lọ́ bí ejò yí ilé po, omi ò lè tó láéláé.

Tí ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ tú ibi tí omi ti ń wọ pọ́ǹpù, ẹ máa rí fíltà kékeré kan nínú ibẹ̀, ó dà bí asẹ́ tíì. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ wo ohun tó máa jáde. Ẹ wo rọ́bà roboto tó wà lẹ́nu họ́ọ̀sì pẹ̀lú, tí ó bá ti sán, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé bí omi ò tilẹ̀ kán síta. Ẹ tún fi abẹ́rẹ́ tọ ihò nọ́súlù wò, ẹnu kékeré tí omi ti ń tú jáde.

Ti okùn tó ń jáni lọ́wọ́ yẹn, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú pọ́ǹpù tó kú. Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, agbára omi ṣì há sínú ẹ̀, òun lẹ̀ ń bá fa tug-of-war. Ẹ tẹ tírígà (ohun tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ lọ́wọ́ kí omi tó tú jáde) kí omi tó há yẹn jáde, kí ẹ tó fa okùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ ṣí omi ná, ẹ tẹ tírígà mọ́lẹ̀ títí omi á fi máa jáde láì tutọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fa á. Láì sí omi, ẹ má tan án rárá, kódà kẹ́ ẹ kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ìyá Dàmì

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ṣé ẹ máa ń dá tírígà sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì ṣì máa dún? Bí tèmi ṣe kú nìyẹn. Ará ilé kejì wá bá mi lẹ́nu géètì, ọ̀rọ̀ owó sẹkúrítì, ọ̀rọ̀ náà ò tán bọ̀rọ̀, maṣíìnì ń dún lẹ́yìn mi. Omi kan náà ló ń yí kiri nínú pọ́ǹpù, ó ń gbóná síi, ó sì jó àwọn rọ́bà inú ẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, omi tó ń kán nísàlẹ̀ ẹ̀ gbóná bí omi ẹ̀bà. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ pa á. Owó sẹkúrítì yẹn gan-an, mo ṣì san án.

Jẹ́nẹ́ Dókítà

Ẹ má bú gbogbo mẹkáníìkì o, àwa kan ń bẹ̀rù Ọlọ́run 😄. Àmọ́ kò sẹ́ni tó yẹ kó pe pọ́ǹpù lókùú láì tíì tú fíltà.

Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ lẹ rà, ṣé ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀? Irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú jẹ́nẹ́ ilé yín náà ló sábà máa ń wà lára ẹ̀, tó bá jẹ́ ti 6.5 HP, bíi lítà 0.6 ló ń gbà, ìgò lítà kan máa tó ẹ, á ṣẹ́kù. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ ní wákàtí àádọ́ta àádọ́ta tẹ́ ẹ bá lò ó. Ẹ má po ọ́ìlì mọ́ epo o, kì í ṣe bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí ilẹ̀ tó dagun tó wá ń kú fúnra ẹ̀, ẹ́ńjìnì ò bàjẹ́, ọ́ìlì ló wọ́ sápá kan tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ rò pé ó ti tán. Pọ́ǹpù náà lè ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní ojú gíláàsì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ọ́ìlì ibẹ̀ bá ti funfun bí mílíìkì, omi ti wọ ọ́, ìgbà yẹn gan-an ni ká wá sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù.

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lò ó fún oṣù kan, ẹ ti epo pa nídìí táńkì ẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó jó èyí tó wà nínú kábúrétọ̀ tán kó kú fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n kí omi wà lẹ́nu ẹ̀ o. Epo tó bá jókòó pẹ́ síbẹ̀ á di gọ́ọ̀mù. Ìdajì owó tí mò ń gbà lọ́wọ́ èèyàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kábúrétọ̀ fífọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà

Ohun méjì péré. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì súnmọ́ ẹnu ẹ̀, kẹ́yin náà má sì fi ọwọ́ dán an wò. Mo ti rí ẹni tó fi í fọ bàtà tó dì mú lọ́wọ́. Ojú ọgbẹ́ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, kó tó di alẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ti wú títí dé ìgúnpá. Omi yẹn ń wọ abẹ́ ẹran, ọsibítù ni kéèyàn gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì. Ẹ̀ẹ̀kejì, ilé àtijọ́ pọ̀ ní ìlú wa tó jẹ́ páànù asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kan òrùlé ẹ̀, ẹ má fi maṣíìnì yìí fọ ìyẹn láé, eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bàbá Ìbejì Akọ́bọ̀

Ọ̀gá Fọmọ́tò, kí Ọlọ́run bá mi san án fún yín. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì yẹn gbà! Mo wá tú fíltà, yanrìn kún inú ẹ̀, ó wá ku nǹkan dúdú kan tó ká bí irun gígé, mo wò ó títí kí n tó mọ̀ pé rọ́bà táǹkì ni, èyí tí púlọ́ńbà lu ihò sí nígbà tó ń fi páìpù wọlé tí kò kó jáde. Mo fọ̀ ọ́, mo ra họ́ọ̀sì tó nípọn tí kò gùn, omi wá ń lọ ṣúúú. Okùn náà ń fà wẹ́rẹ́. Mẹkáníìkì yẹn kọjá níwájú ilé láàárọ̀ yìí, kò kí mi.

Ìbéèrè kan ló kù. Íńtálọ́ọ̀kì náà mọ́ o, ó ń dán, ṣùgbọ́n àwọn bíríkì ẹ̀ ń mì tí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá Fọmọ́tò

Ẹ ti fọ yanrìn àárín ẹ̀ jáde nìyẹn. Ẹ wá yanrìn gbígbẹ tó kúnná, ẹ dà á lé e kí ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a wọ àárín ẹ̀ títí tó fi máa kún. Nọ́súlù aláwọ̀ wo lẹ lò?

Bàbá Ìbejì Akọ́bọ̀

Pupa.

Ọ̀gá Fọmọ́tò

Háà! Pupa kẹ̀! Pupa ń gé igi, bàbá. Gírínì ni kẹ́ ẹ fi fọ ilẹ̀, funfun ni ti mọ́tò, dúdú ni ti ọṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì fi pupa yẹn kan mọ́tò o?

Bàbá Ìbejì Akọ́bọ̀

Bọ́ńpà iwájú nìkan ni.