Òrùlé rọ́bà tó ń jò: kí ni kí n fi lẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Rọ́bà EPDM ni wọ́n fi bo òrùlé pẹrẹsẹ tó wà lórí ilé ìdáná wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Bí òjò bá ti ń bá atẹ́gùn wá, omi á máa kán tó tó tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo gun àkàbà lọ wò ó: ojú ibi tí rọ́bà méjì ti pàdé ti ń ṣí. Ẹnì kan ní kí n da bitumen, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, sí i, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ máa ń ba EPDM jẹ́, mi ò dán an wò. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ mọ́, kí n fi primer (oje tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi pa ojú rọ́bà kí téèpù lè lẹ̀ dáadáa) pa á, kí n wá lẹ téèpù EPDM mọ́ ọn? Pákó abẹ́ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ibì kan rọ̀ bẹ̀tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ó ṣí gbogbo rẹ̀ ni?