Báwo ni mo ṣe lè mú àwọn òbí Fúlàní àti Ebira wá sí ìpàdé ilé ìwé wa?

Tíṣà_Ìjùmú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kò jìnnà sí Kàbà. Ọmọ 41 ló wà ní kíláàsì mi. Ọmọ onílé ló pọ̀ jù, àmọ́ 9 jẹ́ ọmọ Ebira tí òbí wọn ń dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ wa, 6 sì ń wá láti gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, tó wà lódìkejì odò.

Látìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, n kò tíì fojú kan òbí Fúlàní kan ṣoṣo ní ìpàdé PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ti Ebira, bóyá ẹnì kan tàbí méjì. Ohun tí a máa ń sọ láàárín ara wa ni pé wọn ò ka ìwé sí. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ó ń dùn mí báyìí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sáà tó kọjá.

Obìnrin Fúlàní kan mú ọmọ rẹ̀ wá kó wá forúkọ sílẹ̀. Ó sọ igbá wàrà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró síta. Mo ní, "Kí lorúkọ ọmọ?" Ó wolẹ̀. Mo tún bi í, ó fi ìborí bo ẹnu, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbóhùn sókè, mo rò pé kò gbọ́ Yorùbá ni. Obìnrin tó ń fi Yorùbá kiri wàrà lójoojúmọ́! Ọmọbìnrin kékeré tó tẹ̀lé e ló dá mi lóhùn: "Àkọ́bí rẹ̀ ni. Kì í pe orúkọ rẹ̀." Ìtìjú ni lọ́dọ̀ wọn pé kí ìyá máa dárúkọ àkọ́bí rẹ̀ lójú ènìyàn.

Ojú tì mí. Èmi tí mo wọlé ọkọ, tí n kò jẹ́ dárúkọ ọmọ ọkọ tó kéré jù lọ, tí mò ń pe ọ̀kan ní Ìdílẹ̀kẹ̀, tí mò ń pe èkejì ní Adúmáradán, èmi náà ni mo dúró tí mò ń pariwo mọ́ obìnrin tó ń pa àṣà ilé tirẹ̀ mọ́.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ gbogbo ohun tí à ń ṣe wò. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, ni ìpàdé PTA wa. Mùsùlùmí wo ni yóò fi ìrun sílẹ̀ wá? Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà tí a fi ń pè wọ́n. Bí ẹnì kan bá sì wá, owó ni ohun àkọ́kọ́ tó máa gbọ́: owó bẹ́ńṣì, owó ọlọ́dẹ.

Mo gbé e lọ bá àwọn àgbà PTA. Wọ́n gbà kí á yí ọjọ́ padà. Àmọ́ àwọn òbí kan láàárín ìlú ní àwọn ò ní jókòó pẹ̀lú Fúlàní, pẹ̀lú gbogbo ìjínigbé tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà wa yìí. N kò lè dá ẹni tí wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ̀rù ń ba èmi náà bí mo bá ń ti Kàbà bọ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń jókòó níwájú mi kò jí ẹnikẹ́ni gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́_Àgbà_Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì. Má tíì pè wọ́n wá, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ lọ. Mú àgbà ọkùnrin kan dání, ẹ lọ sọ́dọ̀ Séríkì, olórí wọn, nírọ̀lẹ́, nígbà tí màlúù bá ti wọlé. Ẹ mú obì lọ. Má mú fọ́ọ̀mù lọ, má sì dárúkọ owó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìkíni nìkan ti tó.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí koríko bá gbẹ, ẹran á ṣí, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e. Nígbà tiwa, ṣe la máa ń fa ìlà pupa sórí orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà. Bí wọ́n bá padà dé lásìkò òjò, a ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bàbá wọn a sì mú wọn lọ pátápátá. Bẹ́ẹ̀, láti 1989 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin dá àjọ ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀, nítorí pé ilé ìwé tó dúró sójú kan kò bá ìrìn wọn mu. Fún ọmọ níṣẹ́ tó máa mú dání lọ, kó o sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ti owó bẹ́ńṣì yẹn, ẹ ṣọ́ra. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004, sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá ọmọ padà sílé nítorí rẹ̀.

Ìyá_Aláṣọ

Ebira ni mí, Òkéné ni wọ́n bí mi sí, Kàbà ni mo ń gbé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á le díẹ̀. A máa ń wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí n jókòó sí, èdè Owé, ti àwọn ọmọ Kàbà, ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo ìpàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bóyá èmi ni. N kò padà lọ fún ọdún méjì.

Tíṣà ọmọ mi kan ló mú mi padà. Ó gbọ́ pé mò ń hun aṣọ, ó ní kí n gbé òfì mi wá fi han àwọn ọmọ. Òfì wa, ti obìnrin, èyí tó ń dúró lóòró. Mo gbé e ti ara ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Ìyá arúgbó kan, ará Bùnú, tó wá mú ọmọ ọmọ rẹ̀, dúró wò mí títí. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ òwú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Báyìí gan-an ni ìyá mi ṣe ń hun aṣọ ìpò." Aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà lọ́dọ̀ wọn ni. Èmi náà sọ fún un pé àwa náà ní aṣọ òkú tiwa. A jókòó, a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi lù agogo. Òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pè mí sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e.

Tíṣà, ẹ béèrè ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn mọ̀ ọ́n ṣe.

Bàbá_Ìbejì_Mọpà

Irú òbí tí ẹ ń sọ nípa rẹ̀ ni mí. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà, a sì tà ilẹ̀ kí á tó rí i gbà padà. Ẹ má fipá mú mi jókòó ti ẹnikẹ́ni, ọkàn mi kò tíì débẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo lè gbà nìyí: kí Séríkì àti aṣojú ọba wá sí ilé ìwé lọ́jọ́ kan, kí á mọ bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan lójú, kí á sì mọ ẹni tó ń wá mú ọmọ wo. Ẹni tí n kò mọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Tíṣà_Ìjùmú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Ìbejì, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ohun tí ẹ sọ yẹn ni màá gbé lọ síwájú baálẹ̀. Ìyá Aláṣọ, mo tọrọ àforíjì lórúkọ àwa tíṣà.

Àbúrò bàbá ọkọ mi ti gbà láti bá mi lọ sí gáà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ti ra obì. Àkọ́bí obìnrin Fúlàní yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni màá sì ní kó kọ ọ́ sí ìwé tí màá mú lọ fún ìyá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún bi í.