Omi ilé tó ń tẹ̀ lé ojú ọjọ́: kí ló yẹ ká yẹ̀ wò kí òjò tó dé, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé?

Onílé Tuntun:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọgbọ́n ni mo ń tọrọ lórí ọ̀rọ̀ omi ilé. Èmi àti ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, ilé náà kì í ṣe tuntun rárá, páìpù kan gba inú ògiri, òmíì gba ìta gbangba nínú oòrùn, táńkì wà lókè, kànga wà lẹ́yìn, ẹni tó tà á fún wa ò sì fún wa ní ìwé kankan tó fi bí wọ́n ṣe to nǹkan hàn. Nígbà tá à ń háyà, tí nǹkan bá ti bàjẹ́ a kàn máa pe lańlọ́ọ̀dù ni, ó tán. Ní báyìí èmi gan-an ni lańlọ́ọ̀dù, ta ni mo fẹ́ pè?

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé wàhálà omi ilé yìí ń tẹ̀ lé ojú ọjọ́. Tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, èèyàn á fọ̀ ọ́ tán á máa ṣe gulugulu kó tó lọ. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn á dáa, àmọ́ pọ́ǹpù á máa ké títí omi ò ní gòkè, balùwẹ̀ àlejò tẹ́nì kankan kì í lò náà á wá máa rùn. Púlọ́ḿbà kan wá wò ó, ó ní ká hú gbogbo páìpù ká to tuntun. Ìyàwó mi ní ká má dá a lóhùn, ó ní iṣẹ́ ló ń wá. Ẹ jọ̀ọ́ kí ló yẹ kéèyàn yẹ̀ wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ló yẹ kó ṣe kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, èwo la lè fọwọ́ ara wa ṣe? Ẹ má bínú pé ó gùn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú orí ire ilé o, ẹ ó gbé e pẹ́. Ìyàwó yín ló gba ọ̀rọ̀ sọ jàre. Ẹni tí ò tíì ṣí ìdérí kan wò, tó ní kẹ́ ẹ hú gbogbo ilé, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì, ẹ wá fáàfù àgbà, èyí tó ń ti omi gbogbo ilé pa. Tí páìpù bá bẹ́ lóru, òun lẹ máa sáré lọ bá. Gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé ló yẹ kó mọ ibi tó wà, títí kan ọmọ tó bá ti gbọ́njú.

Bàbá Onípáìpù:
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ híhú páìpù. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ló ń lọ́ra, ẹ kọ́kọ́ fura sí sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ń gbà rin wọ inú ilẹ̀. Omi tó ń kúrò nínú sẹ́ptíìkì, ojò tí ìdọ̀tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń dà sí, inú ilẹ̀ ló ń wọ̀ lọ, tí ilẹ̀ bá ti mu omi òjò yó, kò síbi tó fẹ́ gbà mọ́, ni yóò bá dúró, táwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà á sì dúró. Ìdí nìyẹn tó fi ń dáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé, ṣé tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló ń lọ́ra ni, àbí ihò balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ náà ń lọ́ra pẹ̀lú ẹ̀? Tó bá jẹ́ òun nìkan, nǹkan há sí páìpù tiẹ̀. Tó bá jẹ́ gbogbo ìsàlẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá fọ tókè tí tìsàlẹ̀ ń ṣe gulugulu, ìṣòro wà níwájú, lójú páìpù ńlá tàbí nínú sẹ́ptíìkì fúnra ẹ̀.

Tí pàǹtí ìsàlẹ̀ àti èyí tó léfòó sókè bá ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́ptíìkì, ó ti tó fà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fà á o, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ti rin gbingbin. Ìdí ni pé sẹ́ptíìkì tó ṣófo nínú ilẹ̀ tó kún fómi, pàápàá èyí tó jẹ́ rọ́bà, omi lè gbé e sókè kó já páìpù tó so mọ́ ọn.

Ti balùwẹ̀ àlejò yẹn kéré. Ọrùn páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ ihò, omi tó wà níbẹ̀ ló ń dí òórùn lọ́nà kó má wọlé. Tẹ́nì kankan ò bá lò ó, omi yẹn á gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ máa da omi sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò ẹ kán òróró díẹ̀ lé e lórí, kò ní jẹ́ kó tètè gbẹ.

Ṣe-é-Kíá:
Kí ni gbogbo àlàyé yìí, ẹ ra ásíìdì ẹ dà á sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, á ṣí wàì.

Bàbá Onípáìpù:
Àbúrò, rárá o. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ló kún, kí lásíìdì fẹ́ ṣí? Inú páìpù ló máa dúró sí, ẹni tó bá wá ṣí páìpù lẹ́yìn ìgbà yẹn ló máa ta sí lójú. Kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ ìdọ̀tí inú sẹ́ptíìkì náà, á pa wọ́n. Èyí tó wá burú jù ni pé tí ẹnì kan bá ti da bílíìṣì síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bílíìṣì àti ásíìdì tó bá pàdé, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn nínú balùwẹ̀ kékeré. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ka èyí kó lọ dán an wò.

Ṣe-é-Kíá:
Ó dáa, mo ti gbọ́ sà.

Adéọtí Kànga:
Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí pọ́ǹpù. Ṣé orí ilẹ̀ ló wà àbí inú omi? Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ló jókòó sí tó ń fa omi sókè, ẹ mọ̀ pé ó níye tó lè fà. Pọ́ǹpù orí ilẹ̀, bó ti wù kó lágbára tó, tí omi bá ti ju nǹkan bí mítà 7 sí 8 lọ nísàlẹ̀ ẹ̀, ó ń tiraka nìyẹn, afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gòkè fún un, agbára afẹ́fẹ́ náà ò sì kọjá ibẹ̀. Nígbà òjò omi kànga wà lókè, pọ́ǹpù ń fà á fàlàlà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi rọlẹ̀, ó di ariwo lásán. Ẹ so nǹkan wúwo mọ́ okùn, ẹ jù ú sínú kànga, kẹ́ ẹ fi wọn ibi tí omi wà lásìkò méjèèjì.

Ẹ má jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láìfa omi o! Omi tó ń gba inú ẹ̀ kọjá ló ń mú un tutù, tí kò bá sí omi, síìlì inú ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dí omi kó má jò, á jó, ẹ̀yin á rò pé móto ló kú.

Onílé Tuntun:
Orí ilẹ̀ ló wà sà. Àmọ́ nígbà míì tí mo bá bu omi sí i lórí, á fà fún ìgbà díẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì, ó tún di kí n bu omi sí i.

Adéọtí Kànga:
Ẹn ẹ́n. Èyíinì tún yàtọ̀. Non-return, fáàfù tí kì í jẹ́ kómi padà sẹ́yìn, tó wà ní ìdí páìpù nínú kànga ló ń jò, omi ń padà sísàlẹ̀ lóru. Iyanrìn tàbí ìdọ̀tí lè há sí i lẹ́nu, ẹ fa páìpù náà jáde kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó rà tuntun. Tó bá mọ́ tó ṣì ń jò, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ tún wo gbogbo ojú ìsopọ̀ tó wà láàárín kànga àti pọ́ǹpù, ibi tó bá ń fa afẹ́fẹ́ kì í jo omi síta, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tan èèyàn jẹ.

Ará Òtútù:
Ẹ̀yin ń sọ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ káwa tá a wà níbi tí omi ti ń dì náà rí tiwa gbọ́. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí páìpù tó fẹ́ gbà á. Ibi tó dì gan-an kọ́ ló sábà máa ń bẹ́ o, àárín yìnyín àti tápù tí wọ́n tì ni omi ti máa ń há tí agbára ẹ̀ á fi ya páìpù. Ìdí tí wọ́n fi ní kéèyàn ṣí tápù díẹ̀ kó máa kán lóru òtútù nìyẹn, káwọn tó há lè ríbi gbà. Kí òtútù tó dé, ẹ yọ hóòsì kúrò lẹ́nu tápù ìta, ẹ ti fáàfù ẹ̀ látinú ilé, kẹ́ ẹ ṣí tápù náà kí ìyókù jáde. Tó bá dì náà, ẹ ṣí tápù sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ páìpù náà látọ̀dọ̀ tápù lọ sẹ́yìn. Iná tó ń jó fòò kọ́ o, ilé ló ń jó lọ́nà yẹn.

Ìyá Ìbejì:
Onílé Tuntun, fáàfù ń kọ́, ẹ ti rí i?

Onílé Tuntun:
Mo rí i mà, inú koríko ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, ó ti ganpa, kò yí rárá. Ṣé kí n fi sípánà páìpù yí i?

Bàbá Onípáìpù:
Ẹ má fipá yí i! Ọrùn ẹ̀ á kán, ẹ ó wá ní ìṣòro méjì. Ẹ fín oògùn tó ń tú irin tó dógùn-ún sí ìdí ọ̀pá ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yí i díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Tó bá yí tán tó wá ń kán níbi ọ̀pá, nọ́ọ̀tì kan wà nídìí ẹ̀, ẹ fún un díẹ̀ báyìí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tì í kẹ́ ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tójú ọjọ́ bá ń yí. Tẹ́ ẹ bá ṣí i délẹ̀ ẹ dá a padà díẹ̀, kò ní ganpa mọ́. Páìpù tó wà nínú oòrùn yẹn náà, tó bá jẹ́ rọ́bà funfun, oòrùn máa ń jẹ́ kó gbẹ kó máa là, ẹ kùn ún lọ́dà olómi tàbí kẹ́ ẹ bò ó.

Ìyá Ìbejì:
Kẹ́ ẹ sì wo táńkì òkè o. Tí ìdérí ẹ̀ bá la, ìmọ́lẹ̀ á wọ̀ ọ́, ewédò á hù nínú ẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu páìpù tí omi ń gbà dà jáde tó bá kún, ẹ̀fọn fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá fura pé omi ń jò níbì kan, lóru táwọn èèyàn bá ti sùn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tómi dé nínú táńkì, kẹ́ ẹ ti pọ́ǹpù pa, kẹ́ ẹ tún wò ó láàárọ̀. Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ kán àwọ̀ sínú táńkì ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ fún bí ìdajì wákàtí, tí àwọ̀ bá ti wọ inú àwo, rọ́bà ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti jẹ, ẹ lè pààrọ̀ ìyẹn fúnra yín.

Onílé Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an. Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo mú agboòrùn mo jáde síta. Omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lára òrùlé, ẹ ò gbà mí gbọ́, orí ìdérí sẹ́ptíìkì ló ń dà sí tààràtà, ìdérí náà ti là gbàràgàdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí omi tó ń yí wọnú ẹ̀ lọ. Bàbá, ṣé òun nìyẹn?

Bàbá Onípáìpù:
Ó tó bẹ́ẹ̀ o! Gbogbo omi òrùlé lẹ̀ ń kó sínú sẹ́ptíìkì, báwo ni kò ṣe ní kún. Ẹ gbé ojú omi náà kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìdérí yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kọ́mọdé rìn lórí ẹ̀, ẹ má sì tẹrí bọ inú ẹ̀ láti yọjú, gáàsì inú ẹ̀ kì í ṣeré. Tẹ́ ẹ bá ṣe èyí tán tó ṣì ń lọ́ra nígbà òjò tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ fífà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ.

Àbíkẹ́:
Ẹ dákun Bàbá, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná lọ́dọ̀ mi ń ṣe bíi pé òkúta ń fò nínú ẹ̀, kí ni?

Bàbá Onípáìpù:
Èérí omi ló dì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ pa iná ẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ti omi tó ń wọlé, ẹ ṣí tápù omi gbígbóná kan nínú ilé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kẹ́ ẹ wá ṣí ti ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó máa ṣàn jáde títí omi á fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí omi kún inú ẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó tan iná padà o, tí kò bá sí omi nínú ẹ̀, irin tó ń gbóná á jó lójú ẹsẹ̀. Fáàfù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó bá ń kán, ẹ má dí i pa, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.