Pẹ̀rúsì mi wú ìyẹ́, kò kọrin mọ́, ẹ gbà mí o

Ìyá Àdùkẹ́, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹyẹ kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn kíákíá, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọmọ mi bẹ̀ mí títí ni mo fi ra pẹ̀rúsì méjì fún un lọ́jà Wàǹdó níbí, ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta, àwọn kékeré yẹn tó jọ odídẹrẹ́ àmọ́ tí wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. 10,000 sìfáà ni mo san lórí àwọn méjèèjì pẹ̀lú àgò wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti délé, ariwo wọn ló ń jí wa láàárọ̀, inú ọmọ ń dùn, èmi náà sì ti fẹ́ràn wọn.

Àfi bó ṣe di àná, ìyẹn aláwọ̀ ewé wú ìyẹ́ bí ẹni tí òtútù ń mú, ó kúrò lórí igi, ó lọ kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ àgò, ọ̀sán gangan ló ń tògbé, tó bá sì ń mí, ìrù rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Bóyá ó ń jẹun ni o, bóyá ó kàn ń ṣe bí ẹni ń jẹun ni, mi ò lè sọ. Búlúù ní tiẹ̀ ń kọrin, ó dúró ti dígí kékeré tí wọ́n so mọ́ àgò, ó ń bá òjìji ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, nígbà míì á pọ oúnjẹ ẹnu rẹ̀ sára dígí yẹn.

Jéró àti omi nìkan ni mò ń fún wọn, ọlọ́jà ní wọn kì í jẹ nǹkan míì. Ilé ìdáná ni àgò wọn wà torí ológbò àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé ò lè débẹ̀, èédú la sì fi ń dáná. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ ata sínú omi wọn, pé bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe fún odídẹrẹ́ nìyẹn. Àbúrò mi ní kí n tú kápúsù ìgbẹ́ gbuuru kan sí i. Èwo ni kí n ṣe? Àbí ọyẹ́ ló mú un?

Ọmọ Alákétu

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú àmójútó. Ẹ má tú kápúsù kankan sómi, mo bẹ̀ yín. Ẹyẹ yẹn ò tẹ̀wọ̀n ju gíráàmù 30 sí 40 lọ, ẹni tó wọn kílò 60 ni wọ́n sì ṣe kápúsù yẹn fún, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ibi tí ẹ máa pín in dé.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe báyìí kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ gbé àgò kúrò nílé ìdáná. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kì í ṣe bíi tiwa, ó ní àpò afẹ́fẹ́ káàkiri inú ara, afẹ́fẹ́ tó bá wọlé, gbogbo ara ló ń gbà á, ìdí nìyẹn tí èéfín kékeré tí ẹ̀yin ò ní kà sí fi lè pa á. Àwọn awakùsà èédú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ẹyẹ kànárì wọnú ihò, tí ẹyẹ bá ti ṣubú, wọ́n á mọ̀ pé gáàsì olóró tí kò ní òórùn wà níbẹ̀, wọ́n á sá jáde, títí di 1986 ni wọ́n ṣe é kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹyẹ. Gáàsì kan náà ni èédú yín ń tú síta. Ẹ yọ páànù dúdú tí wọ́n fi ń dín nǹkan, èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, sọ́tọ̀ náà, tí iná bá pa á jù, ohun tó ń tú jáde lè pa pẹ̀rúsì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń sun àti èyí tí wọ́n ń fọ́n, gbogbo ẹ̀, kó jìnnà sí wọn.

Lẹ́yìn náà ẹ fi aláìsàn yẹn sínú páálí kékeré tí ẹ lu ihò sí, ẹ bu omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí apá kan páálí náà, apá kan ni mo wí o, kó lè sún kúrò tó bá mú un jù. Mi ò ní kí ẹ lo gílóòbù torí kúráǹ ò ṣe é gbọ́kàn lé.

Ata ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu, òun náà ló ń jẹ ata wẹ́wẹ́ lóko tó ń su irúgbìn rẹ̀ kiri. Àmọ́ kì í ṣe oògùn ohun tó ń ṣe é.

Ẹ gbọ́, ẹyẹ kì í fi àìsàn hàn. Nínú igbó, èyí tó bá rẹ̀ díẹ̀ ni àṣá máa kọ́kọ́ gbé, torí náà á máa ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ le títí agbára á fi tán pátápátá. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i nílẹ̀ àgò, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wò ó títí di ọ̀túnla.

Ẹ̀gbọ́n Ìfànyìn

Èmi ò mọ̀ nípa pẹ̀rúsì àmọ́ kí ẹ kàn wá owó kún owó kí ẹ ra odídẹrẹ́ gidi, ó lágbára jù, á sì máa bá yín sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dókítà Ẹran

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọn tán nínú igbó, láti January 2017 ló sì ti wà lára àwọn ẹ̀dá tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, ní wọn ò gbọdọ̀ kó láti inú igbó tà kọjá ẹnubodè mọ́. Èyí tí wọ́n bá ń nà sí yín lójú títì, ẹ bi ara yín léèrè ibi tó ti wá.

Màmá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, ẹ yára wò ó fún mi: ẹran kékeré tó wà lókè àgógó rẹ̀, níbi tí ihò imú wà, kí ni àwọ̀ rẹ̀? Ẹ wo abẹ́ ikùn rẹ̀ pẹ̀lú, ó wú bí? Ṣé ó ń rin ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́ tí kò rí i yà?

Ìyá Àdùkẹ́, Àjàṣẹ́

Mo ti gbé wọn kúrò nílé ìdáná, mo ti fi ike omi gbígbóná sí i. Ọ̀kan aláwọ̀ ewé yẹn, orí imú rẹ̀ dà bí àwọ̀ ilẹ̀, ó tún rí ṣákiṣàki. Ti ìkejì búlúù ni. Abẹ́ rẹ̀ wú lóòótọ́, ó sì ń rin ara, mo rò pé ìgbẹ́ ló há.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dókítà Ẹran

Ẹyin ló há, màmá. Abo ni. Pẹ̀rúsì tó ti dàgbà, imú búlúù ni ti akọ, imú aláwọ̀ ilẹ̀ ni ti abo, ìgbà tí abo bá sì fẹ́ yé ló máa ń le ṣákiṣàki báyẹn. Abo lè yé láìsí ìtẹ́, kódà láìsí akọ.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lálẹ́ yìí, kì í ṣe lọ́la. Tí ẹ bá fẹ́ gun ọ̀kadà zẹ́míjàn, ẹ gbé páálí náà sínú àpò kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ikùn rẹ̀ o, tí ẹyin bá fọ́ síkùn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Dókítà lè fún un lábẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù, torí kálísíọ̀mù ló ń jẹ́ kí iṣan ìdí rẹ̀ lè ti ẹyin jáde, òun náà ló ń ṣe èèpo ẹyin. Jéró ò ní in tó. Àgò kékeré tí kò jẹ́ kó fò, inú ilé tí oòrùn ò dé, gbogbo ẹ̀ ló para pọ̀. Ẹ má fìyà jẹ ara yín ṣá, ọlọ́jà ló ṣì yín lọ́nà.

Òmìnira Fún Gbogbo Ẹ̀dá

Ṣebí ẹ rí i bí ẹ ṣe ń fìyà jẹ ẹ̀dá Ọlọ́run. Ẹyẹ ò yẹ lágò. Tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ tú wọn sílẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ, Sábẹ̀ẹ́

Ọmọ mi, àánú ló ń ṣe ọ́, mo sì mọ̀ pé ọkàn rere lo fi sọ ọ́, àmọ́ ikú lo ní kí wọ́n tú wọn sí. Mo ti ń sìn pẹ̀rúsì ó lé ní ọdún mẹ́wàá nísàlẹ̀ òkè wa níbí, ọ̀kan já mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà kan, òru kan kò kọjá lórí rẹ̀. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ti wá, láàárín gbùngbùn ibẹ̀ tó gbẹ, agbo ńlá ńlá ni wọ́n máa ń kó ara wọn jọ tẹ̀lé ibi tí òjò bá ti rọ̀ tí koríko ti so. Ọdún 1840 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Gould kó wọn dé Ìlú Ọba, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń bí wọn lágò káàkiri ayé. Aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni ti igbó, búlúù àti funfun, àwọn tó ń sìn ín ló ṣà wọ́n títí wọ́n fi yọ. Èyí tí wọ́n bí lágò láti ìran dé ìran, tó bá di ìta, kò mọ ibi tó ti máa rí oúnjẹ, kò mọ àṣá. Pẹ̀rúsì tó jẹ́ tilẹ̀ wa gan-an ni ìyẹn ńlá tó gùn nírù, tí akọ rẹ̀ ní okùn pupa lọ́rùn, apá àríwá ilẹ̀ Benin, níbi igbó Pendjari, lẹ máa ti rí i, ìyẹn ló mọ igbó wa.

Àmọ́ ìwọ náà sọ òótọ́ kan, àgò kékeré ò yẹ wọ́n. Ẹyẹ agbo tó ń fò jìnnà ni, tí a bá máa tì í mọ́lé, ká fún un láyè tó lè na apá dáadáa.

Ìyá Àdùkẹ́, Àjàṣẹ́

Ẹ jí ire o. Ó yé e! Dókítà fún un lábẹ́rẹ́, ó ní ká dá a sínú ooru, nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta òru, a rí ẹyin funfun kan bí ìka ọmọdé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, àmọ́ ó ti mumi, ó sì ti ń pariwo pe ọkọ rẹ̀. Mo sunkún, mi ò fi pamọ́. Ọmọ Alákétu, akẹ́kọ̀ọ́ wa, Ọlọ́run á san án fún yín.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa fún wọn jẹ báyìí? Àdùkẹ́ sì ní kí n bi yín bóyá wọ́n máa sọ Yorùbá.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ, Sábẹ̀ẹ́

Mo bá yín yọ̀, ìyá Àdùkẹ́. Ẹ má tíì túra sílẹ̀ o, ẹyin mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń yé, ọjọ́ kan á kọjá kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Èèpo ẹyin adìyẹ, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sá a, ẹ gún un kúnná, ẹ wọ́n ọn sínú àwo wọn lónìí olónìí. Egungun funfun tí òkun máa ń gbé sí etí omi, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní os de seiche, ẹ rà á kí ẹ so ó mọ́ àgò.

Ẹ má gba jéró lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ebi á pa wọ́n kú torí wọn ò mọ oúnjẹ míì. Ẹ máa fi nǹkan tútù kún un díẹ̀díẹ̀: ewé mọ̀ríńgà, tẹ̀tẹ̀ tí ẹ fọ̀ dáadáa, kárọ́ọ̀tì tí ẹ rin, àgbàdo tútù. Tèmi kọ tẹ̀tẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, mo ń gbé e síbẹ̀ láràárọ̀, ọjọ́ kejìlá ló tọ́ ọ wò, ní báyìí tí n kò bá tètè gbé e dé á máa bú mi. Píà, àfóká yẹn, kò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n lẹ́nu láé, májèlé ni fún ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì, ọtí, àti oúnjẹ oníyọ̀.

Ẹ yọ dígí yẹn. Akọ yẹn rò pé ìyàwó ló wà níbẹ̀, ìfẹ́ ló fi ń pọ oúnjẹ sí i, ìyàwó rẹ̀ gidi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn kò rí i. Igi tí wọ́n ń bà lé nínú àgò, tó rọ́bọ́tọ́ tó sì dán, ẹ jù ú nù, ó máa ń dá egbò sí wọn lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ ge ẹ̀ka gúáfà tàbí máńgòrò tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀, èyí tó tóbi níbì kan tó tín-ín-rín níbì kan, wọ́n á tún máa bó èèpo rẹ̀ ṣeré. Oòrùn àárọ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdajì àgò lábẹ́ òjìji, kí ẹ jókòó tì wọ́n nítorí ológbò. Gbàrà tílẹ̀ bá ṣú, ẹ da aṣọ bo àgò, wákàtí 10 sí 12 ni wọ́n ń sùn, ìmọ́lẹ̀ tó pẹ́ jù náà ló ń jẹ́ kí abo máa yé ṣáá. Tí ẹ bá fẹ́ kó ìgbẹ́ wọn, ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, eruku rẹ̀ lè fún èèyàn ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, kí Àdùkẹ́ máa fọwọ́ lẹ́yìn tó bá bá wọn ṣeré.

Sọ fún Àdùkẹ́ pé akọ ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Pẹ̀rúsì kan ti wà rí ní California tó ń jẹ́ Puck, ọ̀rọ̀ 1,728 ló mọ̀, ó wà nínú ìwé Guinness. Kí Àdùkẹ́ máa dúró ti búlúù yẹn láràárọ̀, kó máa sọ gbólóhùn kan náà, ohùn pẹ̀lẹ́, kó má kánjú.

Ìyá Àdùkẹ́, Àjàṣẹ́

Mo ti ge gúáfà ẹ̀yìnkùlé, mo sì ti yọ dígí. Búlúù pariwo fún bí wákàtí kan, ó wá sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń fi àgógó tún ìyẹ́ orí rẹ̀ ṣe báyìí. Àdùkẹ́ wà níwájú àgò, «ẹ kú àárọ̀» ló ń sọ fún un lásọtúnsọ.