Ẹkùn kì í ṣe táígà o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí bí a ṣe máa pe àwọn ẹranko inú Dungeons & Dragons (géèmù ìtàn tí wọ́n ń fi dáìsì ta, tí ẹnìkan ń darí, tí àwọn yòókù ń ṣe akíkanjú) ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ká pe táígà ní ẹkùn, ká pe leopard ní àmọ̀tẹ́kùn, kó parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Éṣíà ni ilé táígà, àwọn ọdẹ wa ò pàdé ẹ̀ nínú igbó rí, báwo ni wọ́n ṣe máa wá sọ ọ́ lórúkọ? Èyí tí wọ́n rí tí wọ́n pè ní ẹkùn, tí wọ́n tún ń pè ní ògìdán, ara ẹ̀ rí tótòtó, ó ń gun igi, ó sì máa ń wọ́ ẹran tó bá pa lọ sórí ẹ̀ka. Leopard nìyẹn. Bíbélì gan-an, Àìsáyà orí 11 níbi tí ẹkùn ti sùn ti ọmọ ewúrẹ́, leopard ló wà níbẹ̀ nínú ti òyìnbó.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ń ta géèmù yìí nílé wa. Èmi ni mò ń darí eré, mo ní ẹkùn kan yọ láti inú igbó, panther ló sì wà nínú ìwé ọwọ́ mi. Àbúrò kan tó jẹ́ pé inú katúùnù ló ti mọ ẹkùn, táígà ló gbọ́ sétí, ó mọ̀ pé nínú ìwé òfin géèmù náà ti ọdún 2014, táígà ò lè sáré gun igi, ló bá sá gun ìrókò. Panther rèé, bó ṣe ń gun igi nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà 40 nígbà tó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan! Ó bá a lókè, ó sì pa akíkanjú tó ń ṣe nínú eré. Inú bí ọmọ náà gan-an, ó sì jàre, torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pa á, kì í ṣe dáìsì. Ẹ tún wò ó, ẹ̀mí panther (iye ìyà tó lè jẹ kó tó kú) 13 péré ni, ti táígà 37, ìjà tó yẹ kéèyàn dúró jà ló sá fún.

Torí náà ẹkùn onílà ni kí táígà máa jẹ́. Panther ní tiẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe ẹran ọ̀tọ̀, dúdú tí wọ́n ń yà sínú fọ́tò yẹn, leopard tàbí jaguar tí awọ ẹ̀ dú ni, ẹkùn dúdú ti tó o. Kìnnìún ò ní wàhálà, olóòlà ijù, kò sẹ́ni tó máa ṣì í pè.

Àmọ̀tẹ́kùn ló le. Látìgbà tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní January 2020, leopard lọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó jẹ́, mo sì mọ̀ pé agbára ìròyìn ò kéré. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àmọ̀tẹ́kùn fara jọ ẹkùn, kò lè ṣe bí ẹkùn. Tó bá jẹ́ ẹkùn náà ni, ta ló ń fara jọ? Cheetah ni mo fẹ́ ká fún lórúkọ náà, ara tótòtó bíi ti ẹkùn, àmọ́ kò lè bú ramúramù, èékánná ẹ̀ ò sì wọlé tán.

Ó wá ku displacer beast, tó ti wà nínú géèmù náà láti 1975, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ọwọ́ gígùn méjì yọ léjìká ẹ̀, tó máa ń yí ìmọ́lẹ̀ po débi pé ibi tóo ti rí i kọ́ ló wà. Ẹnìkan dábàá "ẹranko amúpòyípadà", ìyẹn ti dà bí lẹ́tà ìjọba jù, ẹnu èèyàn ò ní lè pè é nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Kòsíníbẹ̀ ni mo fi sílẹ̀. Ẹ bá mi pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ sọ ọ̀kọ̀ lù ú, ọ̀kọ̀ yín sì gba afẹ́fẹ́ kọjá, kí lẹ máa pariwo?

Ní ti eléyín idà, tí òyìnbó ń pè ní saber-toothed tiger, ẹ yọ ẹkùn kúrò níwájú ẹ̀ pátápátá, ẹran ayé àtijọ́ yẹn kì í ṣe táígà, òyìnbó ló ṣì í pè, kò yẹ ká bá wọn ṣì í.