Kí ló dé tí a kì í dárúkọ Faze nígbà tí a bá ń ka àwọn olóhùn gidi?

Onídìrí Ojúẹlẹ́gbà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ṣọ́ọ̀bù ìdìrí ni mo ní ní Ojúẹlẹ́gbà. Orin Faze kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, bí orin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbè é, orí wọn á sì máa mì lábẹ́ ọwọ́ mi débi tí màá fi bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ìlà yìí má baà wọ́.” Wọ́n mọ orin náà látòkè délẹ̀. Àmọ́ bí mo bá bi wọ́n pé ta ló ń kọ ọ́, “2Face ni” ni wọ́n á dá mi lóhùn. Ó máa ń dùn mí wọra.

N kò bá 2Face jà o. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹgbẹ́ olórin Plantashun Boiz, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní Festac: 2Face, Blackface àti Faze, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Chibuzor Oji. Wọ́n gbé àwo *Body and Soul* jáde lọ́dún 2000, *Sold Out* tẹ̀ lé e lọ́dún 2003. Nígbà tó di 2004 wọ́n tú ká, kálukú sì gbé àwo tirẹ̀ jáde láàárín ọdún yẹn náà. Ti 2Face ni *Face 2 Face*, ti Blackface ni *Ghetto Child*, ti Faze ni *Faze Alone*. Ẹ wo orúkọ tó fún un. Ọmọkùnrin tó ń bá ẹni méjì kọrin lánàá, ó dá dúró lónìí, ó sì kọ ọ́ sí iwájú àwo rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ìgboyà ńlá ni mo pe ìyẹn.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn Faze ni mo gbà pé ó ṣọ̀wọ́n jù. Ó tín-ín-rín lókè, síbẹ̀ kì í gún ni létí. Ẹ tún fetí sí “Need Somebody” dáadáa. Ọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìfẹ́ ni, kò sì tijú ẹ̀bẹ̀ náà rárá. Nígbà yẹn, púpọ̀ nínú àwọn olórin ọkùnrin wa ló jẹ́ pé owó àti bí wọ́n ṣe le tó ni wọ́n ń kọrin lé lórí. Òun ní tirẹ̀ jẹ́ kí a gbọ́ pé ó ṣe aláìní ẹnì kan. Mo ti rí oníbàárà tó yọ etí kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun nítorí orin yẹn, irun tútù lórí, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ tán kí n tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye ni pé, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an tí orúkọ rẹ̀ kò fi dúró bí orin rẹ̀ ṣe dúró? Àti pé ọmọṣẹ́ mi kan wà, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí Plantashun Boiz ti tú ká. Ó ti ń fi ìfẹ́ bi mí léèrè nípa Faze. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ fún un?

Tẹ́nọ̀ Ṣómólú:

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Inú mi dùn pé ẹnì kan tiẹ̀ tún dárúkọ ọkùnrin yìí.

Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń darí, mo sì máa ń bá ẹgbẹ́ olórin lọ sóde ìgbéyàwó ní Gbágadà àti Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí etí mi ń gbọ́ nínú ohùn Faze. Àwa tẹ́nọ̀, ọkùnrin tó ń kọ ohùn òkè, mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ohùn kò le. Òkè náà kò le fún ẹni tí Ọlọ́run bá fún. Ibi tí ìsàlẹ̀ àti òkè ti pàdé ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọrin ti máa ń já: ọ̀fun á há, tàbí kí ohùn yí lójijì bíi ti ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Faze á ti dín agbára kù kó tó débẹ̀. Ẹ ò ní mọ ìgbà tó kúrò ní ohùn àyà, ìyẹn ti ìsàlẹ̀, bọ́ sí ohùn orí, ìyẹn ti òkè, àfi kí ẹ kàn rí i pé ó ti wà lókè. Bí a bá ń ṣe ìdánrawò lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tẹ́nọ̀ mi kọ́kọ́ kùn ún sínú, kí wọ́n má la ẹnu, torí ẹni tó bá ń fi tipátipá gun òkè, ìgbà tó bá ń kùn ún ni yóò hàn. Mélòó ló ń yege? Wọn ò pọ̀.

Ní ti orúkọ tí kò dúró, n ó sọ tèmi. Kennis Music, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, tí Kẹ́hìndé Ògúngbè àti Dàyọ̀ Adénéyè dá sílẹ̀, ló gbé *Face 2 Face* jáde. Àwọn méjèèjì yẹn ni aráàlú ń gbọ́ lórí rédíò nígbà yẹn, tí wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Orin tó bá ti ọwọ́ wọn jáde, ọ̀nà ti là fún un. Lẹ́yìn náà ni “African Queen”, orin ìfẹ́ inú àwo yẹn, gba gbogbo Áfíríkà, 2Face gba àmì ẹ̀yẹ MTV ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2005, orin náà sì wọ inú fíìmù Amẹ́ríkà kan. Ta ló máa gbọ́ ẹlòmíràn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Lóde ìgbéyàwó títí dòní, bí tọkọtìyàwó bá fẹ́ wọlé, òun ni wọ́n ń bèèrè. Kò sẹ́ni tó ti bèèrè Faze lọ́wọ́ mi rí. Èmi ni mo máa ń ki í bọ̀ ọ́ nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jẹun, mo sì máa ń rí i tí àwọn tó dàgbà díẹ̀ á gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ohun kejì ni “Kolomental” tí Faze kọ. Orin ijó ni, ó sì pa gbogbo èyí tó kù mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn gbà pé oníjó ni Faze, wọn ò sì padà wá gbọ́ àwọn orin ìfẹ́ rẹ̀. Ní tèmi, kí ẹ fi “Kolomental” pamọ́ fún ọmọṣẹ́ yín títí yóò fi mọ èyí tó kù.

Ọmọ Alábà:

Ẹ̀gbọ́n Tẹ́nọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ má bú “Kolomental” fún wa.

Mo kọ́ṣẹ́ títa àwo ní Alábà nígbà yẹn, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ọdún 2006 ni *Independent*, àwo Faze, jáde, “Kolomental” wà nínú rẹ̀. Kò sí danfó tó ń lọ Mile 2 tí kò kọ ọ́. Orin yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní ra orin ìfẹ́ láéláé. Ẹ tún gbọ́ ọ dáadáa, ohùn kan náà tí ẹ ń yìn ló wà níbẹ̀, kàn jẹ́ pé ìlù sáré. Akọrin tó lè mú gbogbo ilé jó, tó tún lè mú wọn dákẹ́, ṣé ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwo àkópọ̀ ni. Àwọn kan á kó orin oríṣiríṣi jọ sórí CD kan ṣoṣo, wọ́n á lẹ àwòrán ẹni tó ń tà jù mọ́ iwájú. Nígbà tí ojú 2Face ń tà, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀. Ẹ̀yìn àwo náà, orúkọ orin ló máa ń wà níbẹ̀, ìgbà míì tiẹ̀ rèé, orúkọ olórin kì í sí rárá. Wọ́n ń tà á lábẹ́ afárá Ọ̀ṣòdì àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà yín ti gbọ́ Faze, ma. Wọ́n rí ojú 2Face, wọ́n gbọ́ ohùn Faze, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀. Olórin tí ohùn rẹ̀ ń jẹun fún ẹlòmíràn báyìí, inú mi máa ń bàjẹ́ fún un.

Àṣàkẹ́ Yábàá:

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mo kéré sí gbogbo yín, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti gbọ́ Faze. Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba *Originality*, àwo rẹ̀ ti ọdún 2008. Plantashun Boiz ti ṣe àwo *Plan B* ní 2007, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà kó ara jọ, ìgbà tí ìyẹn parí ló tún gbé tirẹ̀ dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò ṣe bí ẹni tó ń wá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ma, ẹ fi kún èyí tí ẹ máa fún ọmọ yẹn.

Onídìrí Ojúẹlẹ́gbà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àwo àkópọ̀ yẹn ló yé mi jù, nítorí mo rántí irú rẹ̀ nílé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀fun tí Tẹ́nọ̀ sọ náà, mo ti ń fetí sí i láti àárọ̀, mo sì ń wá ibi tó ti bọ́ sókè. N kò tíì rí i mú.

Ọmọṣẹ́ mi ń gbọ́ *Faze Alone* láti ìbẹ̀rẹ̀ báyìí bó ṣe ń tú irun oníbàárà kan. Ó ní kí n má pa á. Ọ̀la ni *Independent* yóò kàn, Ọmọ Alábà, “Kolomental” á sì wà níbẹ̀, torí oníbàárà kan ti ní òun kò ní jókòó sórí àga mi bí n kò bá fi í sí i. Tẹ́nọ̀, bí ẹ bá tún ń lọ sóde Gbágadà, ẹ bá mi kọ “Need Somebody” kí àwọn èèyàn tó jẹun, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ni ín sínú maìkì.