Ṣé mo lè máa kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nílé?

Ìyá Àdìrẹ, Ọbáńtòkó
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àkọ́bí mi obìnrin á pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀, àbúrò ẹ̀ jẹ́ ọdún méjì. Owó nọ́sìrì àdúgbò wa tún ti lọ sókè, ọmọ náà tó bá sì ti dé, asáínmẹ́ǹtì ni, ABC ojú ìwé mẹ́ta, ẹkún ló fi máa ń kọ ọ́ torí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì lágbára àtidi pẹ́ńsùlù mú. Mo wá ń rò ó pé kí n máa kọ́ ọ fúnra mi títí táá fi tó pírámárì wan, Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, wọ́n lè máa bá mi lọ. Ìyá ọkọ mi ò gbà rárá, wọ́n ní àwọn èèyàn á máa wo ọmọ náà bí ọmọ tí ò rẹ́ni rán an ní súkúù. SS3 ni mo kà mọ, Gẹ̀ẹ́sì mi ò sì já gaara. Èdè wo ni kí n fi kọ́ ọ? Wákàtí mélòó lójúmọ́?

Ìyá Ìbejì, Àṣèrò
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ilé lèmi náà ti kọ́ àwọn ìbejì mi kí wọ́n tó wọ pírámárì. Ẹ gbàgbé wákàtí jàre, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tára ẹ̀ bá yá, ẹ jẹ́ ó lọ ṣeré, tó bá dìrọ̀lẹ́ ẹ tún ṣe díẹ̀ sí i. Pẹ́ńsùlù yẹn náà, ẹ jẹ́ kó máa bá yín ṣa ẹ̀wà, kó máa bó ẹ̀pà, kó fi ìka kọ nǹkan sórí yẹ̀pẹ̀, ọmọ ìka ẹ̀ á le. Ṣebí ìyẹ́ adìyẹ làwọn tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́dọ̀ yín fi ń yà á, ẹ bá a wá ìyẹ́ kan àti ẹ̀kọ láfún díẹ̀, kó máa fa ìlà sórí àkísà.

Bàbá Tíṣà, Ìbarà
Ọmọ mi, Yorùbá ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan láàárín àwọn tó kù ni, nígbà tí wọ́n sì dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Abẹ́òkúta wa níbí náà ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá ní 1859, kí ìwé kíkà lè mọ́ àwọn èèyàn lára. Lẹ́tà 25 péré ló wà, bá a ṣe ń pè é náà la ṣe ń kọ ọ́, ọmọ tó bá mọ b àti a, kò ní pẹ́ kà "bá" fúnra ẹ̀. SS3 tó o kà tó, ó tó dáadáa.

Ìyá Adátán
Èmi ò fara mọ́ ọn tán o. Ọmọ nílò ẹgbẹ́ ẹ̀. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sì sọ pé dandan ni kí òbí jẹ́ kí ọmọ ka pírámárì àti JSS parí, nítorí náà tó bá ti pé ọdún mẹ́fà ẹ má fi falẹ̀. Ní báyìí ná, ẹ wá àwọn ọmọ táá máa bá ṣeré, kì í ṣe ìdí igbá àdìrẹ nìkan.

Bàbá Ayọ̀
Ẹ má jẹ́ kí fóònù di tíṣà o. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ò gbọdọ̀ wo ojú fóònù tàbí tẹlifíṣàn ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, kéré síyẹn gan-an ló dáa. Ayò ni kẹ́ ẹ rà. Ihò mẹ́fà tiẹ̀, mẹ́fà tiyín, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin níkọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ 48, òun ni kó máa kà á sínú ihò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àdìrẹ, Ọbáńtòkó
Ẹ ṣeun gan-an ni, ara mi ti balẹ̀. Màá ka ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà sétí ìyá ọkọ mi. Ayò yẹn ńkọ́, àbúrò ẹ̀ tí gbogbo nǹkan ń lọ sẹ́nu ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Àṣèrò
Á, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn o, ó lè há a lọ́fun. Ìgbà tó bá sùn lọ́sàn-án ni kẹ́ ẹ gbé ọpọ́n jáde, tó bá jí, ẹ fún òun náà ní abọ́ ike àti ṣíbí ńlá.